Ìwé orúkọ tí a fi àdúgbò tò: bí àwa òbí ṣe ń dúró ti ilé ìwé àwọn ọmọ wa ní Ẹ̀pẹ́

Èmi ni akápò ìgbìmọ̀ òbí ní ilé ìwé girama ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí lẹ ń ṣe gan-an nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ìwé owó ló máa ń retí pé kí n ṣí fún òun. Ìwé owó wà, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé síta ni ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù kan tí akọ̀wé wa fi rúlà fà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀. A ò tò wọ́n ní kíláàsì-kíláàsì bíi ti rẹ́jísítà tí àwọn tíṣà ń pè láàárọ̀. Àdúgbò la fi tò wọ́n: àwọn ọmọ Pápá lọ́tọ̀, àwọn ọmọ Ayétòrò lọ́tọ̀, àwọn tó ń ti Pókà bọ̀, àwọn tó ń gun ọ̀kadà láti ọ̀nà Itoikin, àti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó ń tọ́ ọ, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tàbí bàbá. Nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, àti ibi tí a ti lè bá a lọ́sàn-án.

Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Òlúwó. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ni àtẹ náà kí ó tó fà á lé mi lọ́wọ́. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó wà lókè òkun, tí wọ́n máa ń pè láti ra ẹja yíyan fi ránṣẹ́, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí pé kí ni àwọn lè ṣe fún ilé ìwé. Wọn a ní ṣé ká ra kọ̀ǹpútà ni, ṣé ká kun ilé ni. Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn. Nítorí wọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí wọ́n lè mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìwé orúkọ yẹn fi wà.

Nínú ètò Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀ka mẹ́fà ni wọ́n pín àwọn ilé ìwé girama ìjọba sí. Ẹ̀ka kẹta, Education District III, ni Ẹ̀pẹ́ wà. Ẹ̀ka kan náà yìí ló ń bójú tó Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, Etí-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó. Ẹ fojú inú wò ó: ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tó ń ti Ìkòyí lọ sí ilé ìwé, òun náà ló ń gbọ́ ti ọmọ tó ń fi ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá ní kùtùkùtù kó tó dé kíláàsì. Mi ò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kò gbéra láàárọ̀ yìí nítorí ìjì, ẹni tó wà létí omi ló máa mọ̀.

Àwọn tíṣà wa náà ń gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbé Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan ń ti Ìkòròdú bọ̀, àwọn kan ń ti Ajah bọ̀, àwọn kan ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀. Bí agogo ìparí bá ti lù, wọ́n á sáré wọ mọ́tò kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n mọ ọmọ nínú kíláàsì, wọ́n mọ èyí tó mọ ìṣirò, wọ́n mọ èyí tó ń sùn. Ìdí tó fi ń sùn ni wọn kò lè mọ̀. Pírínsípà pàápàá, ìjọba lè gbé e lọ sí ibòmíràn nígbàkígbà. Àwa ni a kì í lọ síbì kankan.

Ìdí nìyẹn tí a fi yan ẹnì kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí tíṣà kíláàsì bá rí i pé ọmọ kan kò wá fún ìgbà díẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, yóò fi lé akọ̀wé wa lọ́wọ́. Akọ̀wé á pe aṣojú àdúgbò. Aṣojú á lọ sí ilé ọmọ náà. Kì í lọ halẹ̀. Ohun tí a bá a sọ ni pé kó kí wọn, kó jókòó, kó sì béèrè àlàáfíà ilé kó tó béèrè ọmọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní SS1 nígbà náà. Tíṣà rẹ̀ ti ń kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀ léraléra, ó sì ti gbà pé ọmọ náà ti bá àwọn ọmọ ìta lọ. Aṣojú wa létí omi wọ ọkọ̀ lọ bá wọn. Bàbá àgbà tó ń tọ́ ọmọ yẹn ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò lè dá tukọ̀ lọ na àwọ̀n mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé kò ríran, wọn ò ní fún un lówó àsansílẹ̀ mọ́. Ọmọ ló wá di ojú fún un. Òun ló ń tukọ̀ lóru, òun ló ń ká àwọ̀n láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹja tí wọ́n bá sì pa ni wọ́n fi ń jẹun.

Tí ẹ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ pé "ẹ fi ọmọ yín ránṣẹ́ sí ilé ìwé", kí ni lẹ́tà náà fẹ́ ṣe? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, ti ọdún 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rán ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3, ó sì fi ìjìyà sí i fún òbí tó bá kọ̀. Mo mọ òfin náà, mo sì fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, bàbá yẹn kò kọ̀. Ebi ni. Ọmọ rẹ̀ sì ti kọjá JSS3, òfin yẹn kò kàn án mọ́.

Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ apẹja nínú ìgbìmọ̀ wa ló yanjú rẹ̀. Wọ́n bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, wọ́n sì ṣètò kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti dàgbà máa bá a tukọ̀, kí wọ́n jọ máa pín ẹja. Wọ́n mú bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún ojú rẹ̀. Ọmọ padà sí kíláàsì. Tíṣà kan, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣe é bí ẹ̀gbọ́n, dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì kó lè kọ nóòtì tó ti sọnù. Kò sí owó ńlá kankan nínú gbogbo èyí. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo kọ sínú ìwé mi.

Wọ́n máa ń sọ pé ilé ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Òótọ́ ni, a kì í san owó ilé ìwé, mo sì dúpẹ́ fún un. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ìdajì àwọn ọmọ ló ń wá láàárọ̀, ìdajì ń wá lọ́sàn-án, nítorí yàrá kò tó. Alhaji Lateef Jakande tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 1979 ló fòpin sí ìyẹn. Ó kọ́ ilé ìwé kíá-kíá, ilé gbọọrọ, àwọn alátakò sì ń pè é ní ilé adìẹ. Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé adìẹ yẹn rárá. Ó ní ẹni tí kò jókòó sábẹ́ igi rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, bàtà, ìwé àkọsílẹ̀, àti oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ọ̀fẹ́, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń já bọ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn báyìí. Ìjọba Èkó kò fẹ́ kí ilé ìwé dá owó lé òbí lórí láìgba àṣẹ, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àwọn pírínsípà lórí rẹ̀ léraléra. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Mo ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ń lé ọmọ jáde nínú kíláàsì nítorí owó ìgbìmọ̀ òbí, ìyẹn sì máa ń dùn mí. Ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ní ló ń mú wá, a kì í sì fi orúkọ ọmọ sí owó. Bí o bá wo ìwé mi, orúkọ òbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye tó mú wá, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tí kò mú nǹkan wá. Àkáǹtì wà ní báńkì, èèyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, pírínsípà kò sì sí lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ òun kúrò, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó òbí kan òun. Ní gbogbo ìpàdé ni mo máa ń dìde ka ìwé owó náà sókè, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, títí kan owó bátìrì agogo ògiri. Àwọn kan máa ń sùn nígbà tí mo bá ń kà á. Kí wọ́n sùn. Ẹni tó jí á gbọ́.

Ohun tó pọ̀ jù lọ tí a fi owó ṣe ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, mo sì fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé orúkọ, àwọn ìyá tó jẹ́ aṣojú àdúgbò ṣàkíyèsí nǹkan kan tí kò hàn nínú rẹ́jísítà kíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin kan ń pàdánù ọjọ́ mélòó kan lóṣooṣù. Tíṣà ń rí i pé ọmọ kan kò wá lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn kò wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ lójú rẹ̀. Ìyá tó bá jókòó tì wọ́n nílé ló gbọ́. Nǹkan oṣù ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ní ìdè, omi kò sí nítòsí, ọmọkùnrin sì lè gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá nígbàkígbà. Ọmọbìnrin tó bá ti rí ara rẹ̀ ní irú ipò yẹn á kúkú jókòó sílé. Àwọn kan ń gba ilé lọ ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán, wọn kì í sì padà.

A gbé e wá sí ìpàdé. Àwọn bàbá kan kọ́kọ́ ń wolẹ̀. Alága wa, tó jẹ́ bàbá ọmọbìnrin mẹ́rin, ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wolẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Ìgbà náà ni ìlà "iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe" nínú ìwé orúkọ wa wúlò jù. A ṣí i. Káfíńtà wà nínú rẹ̀, wẹ́dà wà, pọ́ńbà wà, bíríkìlà wà ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí kò lè mú owó wá mú ọwọ́ wá. Káfíńtà tún ilẹ̀kùn ṣe, wẹ́dà fi ìdè irin sí i láti inú, bíríkìlà mọ ògiri kékeré tó bo ẹnu ọ̀nà, pọ́ńbà so táńkì mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Ohun èlò nìkan la ra. Lẹ́yìn náà, a fi àpótí páàdì sọ́dọ̀ tíṣà agbaninímọ̀ràn. Ọmọ tó bá nílò rẹ̀ á lọ mú, kò ní kọ orúkọ, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní nǹkan kan. Èmi ni mò ń ra páàdì náà ní òsùwọ̀n ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní ọjà, iye tó ń wọlé tó sì ń jáde wà nínú ìwé mi.

Mo ka iṣẹ́ yìí sí ohun tó dára jù lọ tí a tíì ṣe. Kò sí ẹni tó wá ya fọ́tò rẹ̀. Aṣojú Ayétòrò sọ fún wa nípàdé kan pé àwọn ọmọ mẹ́ta tí òun ń lọ bá nílé lóṣooṣù kò fún òun ní iṣẹ́ mọ́, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ kejì tó gba àkókò wa púpọ̀ ni orúkọ fún ìdánwò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 ilé ìwé ìjọba, oore ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá ọ mọ bí orúkọ ọmọ rẹ ṣe rí. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọmọ kan lè jẹ́ Risikat nínú ìwé ìbí, Risqot lórí NIN, Rizqat nínú rẹ́jísítà ilé ìwé, kí wọ́n sì máa pè é ní Àbíkẹ́ nílé. Ọmọ yẹn á ṣe WAEC, á yege, á lọ ṣe JAMB, orúkọ méjèèjì kò sì ní bára mu. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan, orúkọ tó bá wà lórí NIN sì ni wọ́n ń lò. Mo ti rí ọmọ tó yege ní gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ṣe, tí ó sì jókòó sílé nítorí àtúnṣe orúkọ àti bíbúra ní kóòtù.

Nítorí náà, láti SS1 la ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. A máa ń mú ọjọ́ Sátidé kan, gbogbo òbí SS1 á mú ìwé ìbí ọmọ àti NIN rẹ̀ wá. A tẹ́ tábìlì sí abẹ́ igi máńgòrò. Akọ̀wé àti àwọn òbí tó mọ̀wé á jókòó, wọ́n á fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ara wọn. Ìyá tí kò mọ̀wé kà kì í tijú nítorí gbogbo wa jọ wà níbẹ̀, ẹnì kan á ka orúkọ sókè fún un, yóò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ tí kò bá ní ìwé ìbí rárá, a máa ń tọ́ wọn sọ́nà sí ọ́fíìsì ìkànìyàn, NPC. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí níbẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, wọ́n ń sanwó fún alágbàtà lórí ohun tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2024, nígbà tí ìròyìn jáde pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí ọmọ pé ọdún 18 kó tó lè ṣe WAEC, ọjà dàrú. Àwọn ìyá ń wá bá mi lórí àtẹ ẹja, wọ́n ń sunkún. Àwọn kan ti ń gbèrò àtiyí ọjọ́ ìbí ọmọ wọn padà. A pe ìpàdé kíákíá, a bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọjọ́ ìbí ọmọ. Kí ọdún yẹn tó parí, mínísítà tuntun fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ti fagi lé ọ̀rọ̀ ọdún 18 náà, ó kéde pé ọdún 16 ni wọn yóò máa fi gba ọmọ wọ yunifásítì. Inú mi dùn pé kò sí òbí kankan nínú ìgbìmọ̀ wa tó yí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ padà.

Ìpàdé wa gan-an, kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń pè é, èdè Òyìnbó ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ta ló fẹ́ fi ọjà sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá? Àwọn tó ń wá kò ju àwọn bàbá díẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e sí ọ̀sán Sátidé nígbà tí ọjà ti rọlẹ̀, Yorùbá la sì ń sọ. Tíṣà tí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹnì kan ń jókòó tì í láti tú u fún un. Láti ọjọ́ tí ìyẹn ti yí padà ni àwọn ìyá ti ń sọ̀rọ̀ nípàdé. Ìyá tó ń yan ẹja létí omi, tí kò la ẹnu rí, ló dìde sọ pé àwọn ọmọ ń rí ìyà níbi títì, pé mọ́tò ń sáré jù ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Gbogbo wa la mọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí. Nísinsìnyí, àwọn bàbá méjì ń dúró níbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú àsíá pupa láti dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ kọjá. A ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ fún òkìtì ojú títì tó ń mú mọ́tò rọra.

Ìjà náà wà, mi ò ní fi pa mọ́. Ìyá kan gbé àwọn arákùnrin rẹ̀ wá sí ilé ìwé láti na tíṣà tó na ọmọ rẹ̀. Ẹgba náà ti pọ̀ jù lóòótọ́, ó lé sí ẹ̀yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fọ́ fèrèsé, tíṣà mìíràn tí kò mọ nǹkan kan fara gbọgbẹ́. Alága àti ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ló dúró sáàárín wọn títí ara fi tutù. Lẹ́yìn náà, a jókòó pẹ̀lú ìdílé náà, a jókòó pẹ̀lú tíṣà àti pírínsípà. Tíṣà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ìyá náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó fara gbọgbẹ́, ìdílé tún fèrèsé ṣe. Ìpinnu tí a ṣe ni pé òbí tó bá ní ẹjọ́ lórí tíṣà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, ọ̀dọ̀ aṣojú àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ lọ, aṣojú á sì bá a lọ sọ́dọ̀ pírínsípà lọ́jọ́ kejì. A tún sọ fún pírínsípà pé bí àwa ṣe ń dáàbò bo tíṣà, a ó máa béèrè bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí. Àwọn tíṣà kan bínú sí i. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ òbí tó bá jẹ́ pé àtẹ́wọ́ fún pírínsípà nìkan ló mọ̀, kò wúlò fún ọmọ. Èyí tó bá sì jẹ́ pé ìjà ló mọ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣì wà tí a kò tíì rí yanjú: tíṣà fisíìsì. Èyí tó wà fẹ̀yìn tì, a kò sì tíì rí ẹlòmíràn. Àwọn òbí kan fẹ́ kí a gba ẹnì kan kí a máa sanwó fún un, bí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣe ń ṣe, tí wọ́n ń pè é ní tíṣà PTA. Èmi gẹ́gẹ́ bí akápò kò fẹ́ ẹ tán. Owó wa lè tó fún táàmù kan, kò lè tó fún ìkejì, bí tíṣà bá sì ń retí owó tí kò wá, ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a máa sanwó fún ìgbà díẹ̀, kí a sì máa lé lẹ́tà wa kiri ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ láìdẹ́kun. A ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ náà. A sì ti béèrè ní yunifásítì ẹ̀kọ́, LASUED, tó ní ọgbà ní Noforija níbí, bóyá wọ́n lè fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ránṣẹ́ sí wa fún fisíìsì nígbà ìdánrawò wọn. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ kà á, tí ẹ sì ka fisíìsì, ẹ lè fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Sátidé. Yàrá kan wà tí a ti fi sóólà sí, a ní ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Èyí wúlò fún wa ju ọ̀dà ilé lọ.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú táàmù tuntun, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Àwọn òbí SS1, ẹ mú ìwé ìbí àti NIN ọmọ yín dání. Ẹni tó bá ti kó kúrò ní àdúgbò tó wà nínú ìwé wa, kó wá sọ ibi tó wà nísinsìnyí fún akọ̀wé, kí aṣojú tuntun lè mọ ilé ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé tí ọmọ wà tí kò lọ sí ilé ìwé, bí kì í tilẹ̀ ṣe ilé ìwé wa ló ń lọ tẹ́lẹ̀, kó wá bá mi lórí àtẹ ní Òlúwó. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ títí di ìgbà tí ẹja bá tán.